Ẹ Ka Iye Òru Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé



Nínú àwọn ìwà tí ó ń gbé orílẹ̀-èdè ró, ìfarabalẹ̀ nídìí owó kì í ṣe èyí tí ó kéré jù. Ìlú kì í dára ju àwọn ilé tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí baálé àti ìyáálé bá fi owó ọjọ́ ogbó wọn ṣòfò, àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ ru ẹrù náà, ẹbí yóò bá wọn ru ú, ìlú pàápàá yóò sì pín nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Lórí ìwọ̀n yìí ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé.

Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ náà wá láti òkèèrè, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ń fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún yóò rí ohun tí yóò bá a sọ. Ẹni tí kò ní yóò sì mọ̀ pé irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń bẹ níhìn-ín pẹ̀lú, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní RV. Ilé ni, ọkọ̀ sì ni. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ bíi bọ́ọ̀sì. Òmíràn jẹ́ èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn kí ó lè máa wọ́ ọ lọ. Bí a bá pè é ní ọkọ̀-ilé, a kò ṣìnà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe òfin ńlá lórí títì márosẹ̀ ní ọdún 1956, ìrìn-àjò jíjìn ti rọrùn sí i fún ará ìlú níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìntì wà lára àwọn tí ó fẹ́ràn ìrìn náà jù, nítorí pé wọn kò ní ọ̀gá mọ́ tí yóò máa retí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀-ilé kò lè sùn sí ibi gbogbo. Ó ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ iná mànàmáná, ó sì ń fẹ́ ibi tí yóò da ẹ̀gbin inú rẹ̀ sí. Ọgbà ìpàgọ́ ni ó ń pèsè nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ yóò san owó òru kan, yóò so okùn iná àti okùn omi mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì sùn. Ilé-iṣẹ́ KOA, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Billings ní ìpínlẹ̀ Montana ní ọdún 1962, wà lára àwọn tí ó sọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ di òwò ńlá káàkiri ilẹ̀ náà. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù nìyí: sùn, san owó, máa lọ. Kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni òwò mìíràn dé. Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Thousand Trails bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington. Kì í ṣe òru kan ṣoṣo ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tà. Ẹ̀tọ́ ni ó ń tà: ènìyàn yóò san owó kí ó tó di ọmọ ẹgbẹ́, yóò sì máa san owó ọdọọdún, kí ó lè máa sùn nínú àwọn ọgbà tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà láìsan owó òru, tàbí kí ó san owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn tún gba ọ̀nà tí ó fúyẹ́ ju èyí lọ. Passport America, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, ń ta káàdì tí ó ń dín owó òru kù sí ìdajì nínú àwọn ọgbà tí ó bá gbà á, ní àwọn ọjọ́ tí ọgbà náà bá fẹ́. Harvest Hosts, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ń fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láàyè láti sun òru kan ní oko àgbẹ̀ tàbí ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. A kì í gba owó òru níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń retí pé kí àlejò ra nǹkan lọ́wọ́ onílé.

Gbogbo ìwọ̀nyí ni a ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè: ẹgbẹ́. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣé ó yẹ kí ènìyàn san owó rẹ̀? Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan tí ó kárí gbogbo ilé. Ohun tí ó ní ni ìṣirò, olúkúlùkù ilé ni yóò sì ṣe tirẹ̀.

Bí a bá mú tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò yé ni. Ká ní ìlú Houston ni wọ́n ń gbé. Ìyá ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì. Baba ti wa bọ́ọ̀sì ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ra ọkọ̀-ilé àlòkù kan, wọ́n sì ń fi lọ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní Maryland. Ní ìpamọ́, wọ́n ní 5,000 dọ́là tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé-iṣẹ́ ọgbà ìpàgọ́ kan kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n wá sun òru méjì lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì gba ẹ̀bùn, bí wọ́n bá lè jókòó fún wákàtí kan àbọ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì ní ilé àńjọ̀fẹ́. Wọ́n lọ.

Ibi náà tutù, ó mọ́ tónítóní, adágún odò sì wà níwájú. Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ní 5,000 dọ́là ni owó ìwọlé, 600 dọ́là sì ni owó ọdọọdún. Ó ní lẹ́yìn èyí, òru di ọ̀fẹ́. Ó tún ní iye náà kò kọjá ọjọ́ òní; bí wọ́n bá jáde kúrò nínú yàrá náà, yóò gun òkè.

Baba yíjú sí aya rẹ̀. Ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o gbọ́? Ọ̀fẹ́ ni a ó máa sùn títí ayé.”

Ìyá dá a lóhùn pé, “Baba àwọn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka iye òru tí a sùn níta ní ọdún tí ó kọjá.”

Ìwé kékeré tí ìyá ń kọ owó epo sí wà nínú àpò rẹ̀. Òru 23 ni wọ́n sùn sínú ọkọ̀-ilé ní ọdún náà. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ ní àgbàlá ọmọ wọn ní Maryland, níbi tí wọn kò ti san kọ́bọ̀. Òru 14 ni ó kù tí wọ́n san owó fún, ní 50 dọ́là lórí òru kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 700 dọ́là.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí aṣojú náà gbé wá. Bí wọ́n bá lo ẹ̀tọ́ náà fún ọdún mẹ́wàá, owó ìwọlé jẹ́ 5,000 dọ́là, owó ọdọọdún jẹ́ 6,000 dọ́là. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11,000 dọ́là, ìyẹn 1,100 dọ́là lọ́dún. Bí a bá pín 1,100 sí òru 14, òru kọ̀ọ̀kan di nǹkan bí 79 dọ́là. Òru tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ ti wọ́n ju èyí tí wọ́n ń rà lójú títì lọ.

Ìṣirò náà kò tíì parí. Ìyá tún wo àwòrán ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń ṣe ìpolówó. Ọ̀nà láti Houston dé Maryland lé ní 1,300 máìlì, ṣùgbọ́n àwọn ọgbà ilé-iṣẹ́ náà kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n máa ń dúró sí. Nínú òru 14 wọn, mẹ́jọ jẹ́ ní ibi tí ilé-iṣẹ́ náà kò ní ọgbà kankan. Òru mẹ́fà péré ni ó kù. Bí a bá pín 1,100 sí mẹ́fà, òru kọ̀ọ̀kan yóò lé ní 183 dọ́là. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè lo ọgbà náà, epo ń bẹ níbẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀-ilé ńlá kì í rìn ju máìlì mẹ́wàá lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan.

Ìbéèrè mìíràn tún ń bẹ: bí owó kò bá sí nílẹ̀ ńkọ́? Aṣojú náà ní kò ṣòro, ilé-iṣẹ́ yóò yá wọn ní 5,000 dọ́là náà, kí wọ́n san án fún ọdún márùn-ún. Bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, wọn yóò máa san nǹkan bí 111 dọ́là lóṣooṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì lé ní 6,600 dọ́là. Èlé nìkan ti lé ní 1,600 dọ́là. Ẹni tí ó yá owó láti ra ìsinmi kò tíì sinmi.

Kí a má baà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí òdìkejì náà sọ tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ta ilé wọn, tí ọkọ̀-ilé nìkan ni wọ́n ń gbé láti Oṣù Kìíní títí dé Oṣù Kejìlá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sun òru 60 nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún, 1,100 dọ́là yẹn kò ju nǹkan bí 18 dọ́là lọ lórí òru kan. Bí ó bá jẹ́ 50 dọ́là ni ó ń san níta, 3,000 dọ́là ni ìbá ná. Ó jèrè 1,900 dọ́là lọ́dún. Fún ẹni náà, ìwé ẹgbẹ́ dára, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá a wí. Ààlà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni òru 22: 1,100 pín sí 50. Ẹni tí yóò sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ń jèrè. Ẹni tí kò ní sùn tó bẹ́ẹ̀ ń pàdánù. Gbogbo adùn ọ̀rọ̀ aṣojú kò lè yí ààlà náà padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò jèrè, ó yẹ kí ó ka inú ìwé àdéhùn dé ìsàlẹ̀, pàápàá ibi tí lẹ́tà ti kéré. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kò lè gbé inú ọgbà kan títí. Lẹ́yìn òru 14, yóò jáde fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó wọ òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, nítorí pé àwọn ọgbà tí ó dára jù máa ń kún ní àkókò ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé. Owó ọdọọdún lè gòkè. Àdéhùn mìíràn kò ní ọjọ́ ìparí: bí ara baba kò bá dá ṣáṣá mọ́, tí ojú kò gba ọkọ̀ wíwà mọ́, owó ọdọọdún kò mọ̀. Àwọn tí ó sì fẹ́ ta ẹ̀tọ́ wọn fún ẹlòmíràn máa ń rí i pé iye tí wọn yóò rí gbà kéré púpọ̀ sí iye tí àwọn fi rà á. Ẹni tí ó gbọ́n a máa béèrè iye tí àlòkù rẹ̀ jẹ́ lọ́jà kí ó tó ra tuntun.

Ó tún yẹ kí ènìyàn wo ohun tí ìjọba ti ṣe fún ará ìlú kí ó tó lọ ra tirẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 62, tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí tí ó ní ìwé ìgbélùú títí lọ, lè ra káàdì àgbà fún àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀. Láti ọdún 2017, 80 dọ́là ni iye rẹ̀, títí ọjọ́ ayé rẹ̀ sì ni. Káàdì náà a máa dín owó òru kù sí ìdajì ní ọ̀pọ̀ ibi ìpàgọ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí Bureau of Land Management ń bójú tó ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ènìyàn lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 14 láàrin ọjọ́ 28, bí kò tilẹ̀ sí omi tàbí iná níbẹ̀. Tọkọtaya inú àpẹẹrẹ yìí ní ẹ̀tọ́ sí káàdì àgbà náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti pé ọdún 62. Ariwo ìpolówó kò jẹ́ kí wọ́n gbúròó rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìwà ọmọlúàbí gan-an nìyí. Kí ni ẹgbẹ́ lójú Yorùbá? Ẹgbẹ́ ni àwọn tí ó ń bá ni ṣọ̀fọ̀, tí ó ń bá ni yọ̀, tí ó ń wá ni bí a kò bá yọjú sí ìpàdé. Nínú èésú àti àjọ, ọmọ ẹgbẹ́ mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kàn án. Irú rẹ̀ wà láàrin àwọn onírìn-àjò Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọdún 1978, tọkọtaya kan, Joe àti Kay Peterson, dá ẹgbẹ́ Escapees sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀-ilé. Ní ìlú Livingston ní ìpínlẹ̀ Texas, ibùdó kan wà lára iṣẹ́ wọn tí a ti ń ran onírìn-àjò lọ́wọ́ bí ogbó tàbí àìsàn bá dá a dúró, tí yóò sì máa gbé inú ọkọ̀-ilé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá san owó fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò ka iye òru nìkan. Ó ra ojúlùmọ̀, ó sì ra ọjọ́ ìṣòro. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ta ẹ̀tọ́ ibi ìsùn fún ni, òwò ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó jẹ́ òwò. Àṣìṣe wà nínú kí ènìyàn fi ọkàn tí ó fi ń wọ ẹgbẹ́ wọ inú òwò, kí ojú máa tì í láti béèrè iye, kí ó sì máa rò pé ẹni tí ó bá sọ pé “rárá” ti hùwà àìmoore sí ẹni tí ó ṣe é lálejò.

Ìyá inú àpẹẹrẹ náà kò jẹ́ kí ojú tì í. Ó bẹ aṣojú náà pé kí ó fún àwọn ní ìwé àdéhùn náà mú relé, kí àwọn kà á, kí àwọn sì pe ọmọ àwọn tí ó mọ̀ nípa òfin. Aṣojú náà ní kò ṣeé ṣe, iye òní kò ní sí lọ́la. Ìyá ní, “Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ohun tí ó bá jẹ́ òdodo lónìí, yóò ṣì jẹ́ òdodo lọ́la.” Inú baba kò kọ́kọ́ dùn, nítorí pé ó ti ń fojú inú wo ara rẹ̀ létí odò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀ wọn, tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí 183 nínú ìwé kékeré náà, ó dákẹ́, ó sì ní òrùlé Ìjẹ̀bú-Òde kò gbọdọ̀ di ohun tí a ń fi wo odò olódò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ ìsinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń ta owó ọdún kan ní ibi eré ìdárayá, wọ́n sì ń ta ilẹ̀ tí a ó máa san díẹ̀díẹ̀, tí wọn yóò máa wí pé “òní ni òní jẹ́.” Ìjọba kò fi ará ìlú sílẹ̀ láìní ààbò. Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti rí àlàyé ní èdè tí ó yé e, láti mọ iye ọjà kí ó tó rà á, àti láti fagi lé ohun tí ó ti sọ sílẹ̀ ṣáájú, bí ó tilẹ̀ lè san ìwọ̀nba owó tí ó tọ́ fún un. Àjọ FCCPC ni a gbé iṣẹ́ òfin náà lé lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ka iye òru fún ẹnikẹ́ni. Òfin lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irọ́ ẹlòmíràn. Kò lè gbà á lọ́wọ́ irọ́ tí ó ń pa fún ara rẹ̀ nípa iye ìgbà tí yóò lo ohun tí ó fẹ́ rà.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè nǹkan márùn-ún. Ìgbà mélòó ni ó lo irú ohun náà ní ọdún tí ó kọjá, kì í ṣe ìgbà mélòó ni ó ń lérò láti lò ó? Èló ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, owó ìwọlé, owó ọdọọdún àti èlé? Ibo ni a ti lè lò ó, nígbà wo ni a kò sì ní gbà á? Báwo ni ènìyàn ṣe ń jáde nínú rẹ̀? Kí ni ohun mìíràn tí owó náà ìbá ṣe nínú ilé? Kí ọkọ béèrè lọ́wọ́ aya, kí aya béèrè lọ́wọ́ ọkọ, kí àwọn méjèèjì sì sun oorun ọjọ́ kan lé e lórí.

Ìsinmi dára, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ kára sì yẹ fún un. Bí a ti mọ là ń kú. Olongo kì í kú tìyàntìyàn. Ilé tí ó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò sinmi ní tòótọ́, orílẹ̀-èdè tí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.